Eré Ọmọ Ajá Nínú Àgbàlá: Ohun Tí Ilé Yorùbá ní Cocody, Abidjan, Yóò Máa Yẹ̀ Wò

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ó ti lé ní 15,000 ọdún tí ajá ti ń bá ènìyàn gbé, àwọn ọdẹ wa kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ohun tí ilé nílò.

Ọjọ́ orí àti eyín

Ẹ má gba ọmọ ajá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Ibẹ̀ ni òun àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi eyín ṣeré láì dá egbò sí ara ẹni. Èyí tí a bá gbà ní ọ̀sẹ̀ 5, ọwọ́ àwọn ọmọ yín ni yóò ti kọ́ ọ.

Eyín wàrà rẹ̀ jẹ́ 28. Láti nǹkan bí oṣù 4 ni wọ́n ń ká, nígbà tó bá fi máa di oṣù 7, eyín àgbà 42 ti pé. Àárín ìgbà yìí ni sálúbàtà ń run jù nínú ilé. Ẹ rẹ aṣọ tó nípọn sínú omi, ẹ fún omi rẹ̀ dànù, ẹ gbé e sínú fíríìjì títí yóò fi tutù, kí ẹ wá fún un jẹ lẹ́nu lójú yín. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí 14 ni ohun tuntun kì í tíì bà á lẹ́rù púpọ̀. Nígbà náà ni kí ẹ jẹ́ kó gbọ́ ìró jẹnẹrétọ̀ àti ti odó, kó rí ẹni tó wọ agbádá, kó rí ẹni tó gbé ẹrù sórí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, a ó sì máa tún un gbà títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 12. Kí àwọn abẹ́rẹ́ náà tó pé, inú àgbàlá yín ni kí eré mọ, nítorí kòkòrò àrùn pafo lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Ọmọ ajá a máa sùn tó wákàtí 18 sí 20 lójúmọ́. Eré ìṣẹ́jú 5 sí 10, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́, tó o.

Àwọn eré

Bí ó bá fi àyà lélẹ̀ tó gbé ìdí sókè, bí ọmọkùnrin tó ń dọ̀bálẹ̀ tí kò tíì dé ilẹ̀, eré ló ń bẹ̀. Bí ìrù bá wọ abẹ́ itan, ẹ fi í sílẹ̀.

*Fífa aṣọ.* Ẹ ya àǹkárá gbígbó sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ dì í bí irun, kó gùn tó apá, kí ẹ ta kókó sí orí méjèèjì. Ẹ fà á sí ọ̀tún àti òsì ní pẹ̀lẹ́. Ẹ má fà á sókè, nítorí ọrùn rẹ̀ kò tíì gbó. Àwọn kan ní eré yìí ń sọ ajá di òǹrorò. Kò rí bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti mọ ìtumọ̀ “Fi sílẹ̀”. Nígbà tí eyín bá kan awọ yín, ẹ dúró bí igi fún ìṣẹ́jú àáyá 20, ẹ má pariwo, ẹ má lù ú. Eré parí nìyẹn, òun náà yóò sì mọ ìdí rẹ̀.

*Bojúbojú.* Èmi fẹ́ràn èyí ju gbogbo wọn lọ. Ẹnìkan mú un dání, ẹnìkejì lọ sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yìn ín gidigidi nígbà tó bá rí i. Ajá tó ti gba eré yìí mọ́ra yóò padà bí ẹ bá pè é lọ́jọ́ tí ẹnìkan gbàgbé géètì sílẹ̀, tí títì Boulevard Latrille sì wà níwájú.

*Jù ú kó gbé e wá.* Ẹ yí bọ́ọ̀lù nílẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sókè kó má baà máa fò: egungun rẹ̀ kì í gbó tán kí ó tó pé nǹkan bí oṣù 12, ti ajá ńlá a máa tó 18. Bọ́ọ̀lù tó lè wọ ẹnu rẹ̀ tán ti kéré jù.

*Ife mẹ́ta.* Ẹ fi ẹran adìẹ bíbọ̀ tí kò ní egungun sábẹ́ ọ̀kan, kó máa fi imú wá a. Iṣẹ́ imú a máa rẹ̀ ẹ́ ju eré sísá lọ.

*Ike omi.* Ẹ yọ ìdérí, òrùka rẹ̀ àti bébà ara rẹ̀, ẹ da oúnjẹ ajá díẹ̀ sínú. Ẹ ju ike náà nù nígbà tó bá ti ń ya.

Ẹ yan èdè kan fún àṣẹ. Bí bàbá bá ń wí pé “Jókòó” tí ọmọ tó ti iléèwé dé ń wí pé “Assis”, ajá kò ní mọ ti ta ni kó tẹ̀ lé. Tèmi ni pé kí ó jẹ́ Yorùbá: “Wá”, “Dúró” àti “Jókòó” kúrú, ohùn wọn sì dá yàtọ̀ síra. Àwọn ọmọ Èjìgbò tí a bí sí Abidjan yóò tún rí èdè ilé sọ nínú eré.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 kò gbọdọ̀ bá a ṣeré láìsí àgbà nítòsí.

Ohun tí kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀

Ṣokoléètì ni ti àkọ́kọ́, a sì ń gbé ní ilẹ̀ tó ń mú kòkó jáde jù lọ láyé; èèpo kòkó pẹ̀lú léwu. Garba (àtíkẹ́ àti ẹja díndín) tó ṣẹ́kù kì í ṣe èrè fún ajá, nítorí àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Ṣuku àgbàdo àti ìbọ̀sẹ̀ a máa dí ìfun. Egungun tí a ti sè a máa fọ́ bí abẹ́rẹ́, kí ẹ ṣọ́ra pàápàá ní ọjọ́ Iléyá. Ṣingọ́ọ̀mù aláìní ṣúgà lè pa á.

Bí ó bá bu ènìyàn jẹ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ lọ́jọ́ náà sí ibùdó dìgbòlugi ti INHP, àjọ ìmọ́tótó ìjọba, ní Treichville. Kódà bó bá jẹ́ pé ajá ilé ni. Ẹ má fi ewé dí i kí ẹ tó lọ.

Oṣù sí oṣù

*Ṣẹ́rẹ́ (1).* Ọyẹ́ díẹ̀, eruku. Àárọ̀ dára.

*Èrèlé sí Igbe (2–4).* Ooru. Eré kò gbọdọ̀ kọjá aago 8 àárọ̀, kò sì gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di aago 5 ìrọ̀lẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé kọ̀ǹkéré fún ìṣẹ́jú àáyá 7. Bí ọwọ́ yín kò bá gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbà á. Ìgbóná ara ajá tó dá ṣáká jẹ́ 38.3 sí 39.2°C. Bí ó bá lé ní 40 tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹ da omi ẹ̀rọ sí i lára, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ wá dókítà ẹran.

*Èbìbí sí Agẹmọ (5–7).* Òjò ńlá, Òkúdù ló sì pọ̀ jù. Ife mẹ́ta àti bojúbojú nínú ilé. Ẹ má jẹ́ kó mu omi àdágún, ìtọ̀ eku wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ń jáde lálẹ́, oró sì wà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe so ọmọ ajá mọ́ ìta: ẹ rántí òjò òru 18 sí 19 oṣù Òkúdù 2018 tó di omíyalé ní Riviera Palmeraie.

*Ògún àti Owérè (8–9).* Atẹ́gùn tútù, oṣù eré nìwọ̀nyí. 28 Owérè ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ọjọ́ tí Louis Pasteur, ẹni tó ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kú ní 1895. Ẹ fi ọjọ́ náà yẹ káàdì abẹ́rẹ́ wò.

*Ọ̀wàrà àti Bélú (10–11).* Òjò kékeré, koríko ga. Lẹ́yìn eré, ẹ wá eégbọn nínú etí àti láàrin ìka ẹsẹ̀.

*Ọ̀pẹ (12).* Nǹkan á máa bú gbàù lálẹ́ 31, gẹ́gẹ́ bí ó ti lè rí ní 7 Ògún, ọjọ́ òmìnira. Láti ọ̀sán ni kí ẹ ti bá a ṣeré tó, kí ó lè rẹ̀ ẹ́. Tó bá di alẹ́, ẹ tì í mọ́ inú yàrá, ẹ tan rédíò, ẹ sì jẹ́ kí àǹkárá tí ẹ dì wà lẹ́bàá rẹ̀.