Ètò Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Lórí Kọ̀ǹpútà Tuntun: Ohun tí Akọ̀wé Yorùbá Gbọdọ̀ Yẹ̀ Wò

Ìfáárà
Ajíbọ́dè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, múlé ti Yunifásítì Ìbàdàn tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ pọ̀ níbẹ̀. Bí olùkọ́ Yorùbá bá ra kọ̀ǹpútà tuntun ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni yóò fi máa kọ̀wé lórí rẹ̀. Owó àti ohun tí ó ti mọ́ni lára ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn. Ohun kẹta wà tí ó wúwo jù wọ́n lọ fún ẹni tí ń kọ Yorùbá: ǹjẹ́ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà yóò dúró sí ipò wọn bí ìwé náà bá kúrò lórí ẹ̀rọ kan bọ́ sórí òmíràn?

Ọ̀ràn Orúkọ
Kí a tó yan nǹkan, ó yẹ kí a mọ orúkọ tí a ó pè é. “Iṣẹ́ àìrídìmú” ni àwọn kan ń pe software. Ọ̀rọ̀ náà ṣàlàyé ara rẹ̀, nítorí ó ya ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ gan-an. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gùn, ó sì ṣòro láti fi ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. “Ètò” kúrú, ó sì gba àfikún. Ètò-ìkọ̀wé ni a fi ń kọ lẹ́tà àti ìwé. Ètò-alátẹ ni a fi ń to máàkì sínú àtẹ, tí a sì fi ń ṣírò rẹ̀. Ètò-àfihàn ni a fi ń gbé ẹ̀kọ́ han kíláàsì. Lóòótọ́, a ń lo “ètò” fún ti rédíò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àfikún wọ̀nyí kò ní jẹ́ kí ó rú ni lójú.

Àwọn Ètò Náà
Ọdún 1989 ni Microsoft Office kọ́kọ́ jáde. Owó ni a fi ń rà á, yálà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tàbí ní àsansílẹ̀ ọdọọdún. LibreOffice yapa kúrò lára OpenOffice.org ní 2010. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Google Docs náà, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ wà, owó dátà kò sì ṣeé fojú fò. Microsoft Office àti LibreOffice lè ṣí fáìlì ara wọn, àmọ́ ìtòsí ojú ìwé a máa yí padà nígbà mìíràn.

Ọ̀ràn Àmì
Nínú ìlànà Unicode, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni à àti é. Lẹ́tà tí ó ru àmì lókè àti nísàlẹ̀, bí ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan fi lẹ́tà Yorùbá rọ́pò àmì mìíràn. Bí ẹ̀rọ tí a gbé ìwé náà lọ kò bá ní fọ́ǹtì yẹn, ọ̀rọ̀ di wúruwùru. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè ṣòfò báyìí.

Nítorí náà, kí olùkọ́ dán ètò wò kí ó tó gbà á. Kí ó tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Kí ó tọ́jú fáìlì náà, kí ó ṣí i nínú ètò mìíràn, kí ó wá ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìwákiri lè kùnà bí a bá tẹ lẹ́tà kan náà ní ọ̀nà méjì, nítorí náà pátákó ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni kí a máa lò. Ètò tí ó bá sọ ọkọ́ àgbẹ̀ di ọkọ ìyàwó kò wúlò fún wa, bó ti wù kí ó lówó lórí tó.

Ìkádìí
LibreOffice tó olùkọ́ tí àpò rẹ̀ kò gùn. Ẹni tí atẹ̀wé rẹ̀ bá béèrè fáìlì Microsoft ní pàtó lè ra Office. Èyí tí ó wù kí a yàn, kí a fi ẹ̀dà PDF pamọ́. Microsoft ti gbé àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí Yorùbá jáde fún iṣẹ́ rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ èdè bá dákẹ́, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa sọ ohun èlò wa lórúkọ fún wa. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.