Ìda Tó Ń Gba Ooru Lára Bátìrì

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi iná oòrùn gbé fíríìsà ẹja tàbí adìyẹ, bí bátìrì lithium yín bá ń gbóná lemọ́lemọ́, yóò tètè gbó. Bó bá gbóná rékọjá ààlà, ó lè gbiná.

Ẹ wo òrí. Bí oòrùn bá mú, á yọ́. Bílẹ̀ bá tutù, á dì. Ní ọdún 2000, Al-Hallaj àti Selman ní Chicago, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwé jáde lórí fífi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yí bátìrì ọkọ̀ ká. Ìda tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là ni wọ́n sábà ń lò. Bí kìlò 1 rẹ̀ bá ń yọ́, ó lè gba ooru tó tó èyí tí yóò gbé omi lítà 1 láti ìwọ̀n 27 dé 75, bẹ́ẹ̀ ìda náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbóná sí i.

Ṣùgbọ́n bó bá ti yọ́ tán, kò lè gba irú ooru bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi bó bá tún dì. Lábẹ́ páànù gbígbóná, ìgbà wo ni yóò ráyè dì? Nítorí náà, bí bátìrì yín tilẹ̀ ní ìda nínú, ẹ gbé e síbòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì da àbẹ́là yíyọ́ sí bátìrì fúnra yín o. Ìda a máa jó.