Kí Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tó Rí Eré Yín, Ojú Òpó Yín Ni Yóò Kọ́kọ́ Rí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan ní ìpele kìíní, tó ń sá eré 400 mítà, gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nǹkan." Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní fáfitì kan ní Amẹ́ríkà ti láìkì fídíò rẹ̀ méjì, inú ọmọ náà sì ń dùn ṣìnkìn. Mo bá a wo ojú òpó náà lọ sísàlẹ̀. Lábẹ́ fọ́tò ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ díje, ó kọ ọ́ pé: "Lọ́la, màá pa ẹ́ dànù." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo wá tẹ ibi tí fóònù ti ń túmọ̀ èdè. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Nínú èdè Òyìnbó tí ẹ̀rọ gbé jáde, ọmọ wa ti di apànìyàn.

Àwa tí à ń kọ́ nípa èdè mọ̀ pé ẹni tó sọ̀rọ̀, ẹni tó sọ ọ́ fún àti ibi tó ti sọ ọ́ ló ń fún ọ̀rọ̀ ní ìtumọ̀. Lórí pápá, "wèrè ni bọ̀bọ́ yìí" oríyìn ni. "Ọmọ burúkú!" náà, oríyìn ni, tó bá jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù wọlé ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ atúmọ̀ kò mọ pápá, kò mọ ẹ̀fẹ̀. Mi ò ní kí ẹ má kọ Yorùbá o! Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa náà ń ka ohun tí ẹ kọ.

Kí ló wá kàn án? Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà kò lè máa wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ wá wo eré yín. Aago tí ẹ fi sáré, fídíò àti ojú òpó yín ló ní. Ẹ sì mọ ibi tí ọ̀nà yẹn lè gbé èèyàn dé: Tobi Amusan kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí fáfitì UTEP ní Texas, ó gba ife-ẹ̀yẹ NCAA nínú eré 100 mítà onífífò ní 2017, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fi àkọsílẹ̀ tuntun lélẹ̀ fún gbogbo àgbáyé ní 2022.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kíákíá: láìkì kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni NCAA ti gbà kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá Division I láìkì ohun tí eléré tí wọ́n ń wò gbé jáde, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń wò yín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń wo fídíò òní lè wo ti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, alẹ́ ọjọ́ tí Kyler Murray gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman ni àwọn èèyàn wú ọ̀rọ̀ èébú tó kọ sórí Twitter nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 14 àti 15 jáde. Dípò kó máa yọ̀, àforíjì ló ń tọrọ. Òun ti wà ní fáfitì ní tirẹ̀. Ní 2012, ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní New Jersey lé agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kan nítorí ohun tó kọ sórí Twitter, fáfitì Michigan tó ti ń wá a tẹ́lẹ̀ sì yọwọ́. Colorado ló padà gbà á.

Ní tiwa, ọjọ́ orí ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Kéèkì ọjọ́ ìbí tí wọ́n kọ 21 sí, nígbà tí ìwé tí ẹ fi sílẹ̀ sọ pé 19! Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kéèkì kọ́ ló jẹ̀bi. Yíyí orúkọ ojú òpó padà kò sì ràn yín lọ́wọ́: láti 2019 ni fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà ti ń béèrè gbogbo orúkọ tí ẹ lò lórí ayélujára láàárín ọdún márùn-ún.

Ẹni tó bá ní akọ́nimọ̀ọ́gbá ni òun, tó wá ń béèrè owó kí ó tó fún yín ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì fáfitì náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ parí sí .edu.

Àwọn kan á ní kí a kúkú pa ojú òpó náà rẹ́. Èmi ò gbà. Ojú òpó tó ṣófo kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi fídíò tí ẹ kò gé síbẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Ẹ kọ orúkọ ìdíje, ọjọ́ rẹ̀, nọ́ńbà ìlà tí ẹ wà àti aago yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń sá 100 tàbí 200 mítà, ẹ kọ bí atẹ́gùn ṣe fẹ́, torí bó bá ju mítà 2.0 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọn kò ní ka aago náà sí àkọsílẹ̀ tuntun.

Àbúrò wa ti yọ "màá pa ẹ́ dànù" kúrò. Ó pe ọ̀gá tí wọ́n jọ díje, ó ṣàlàyé, ìyẹn sì kàn rẹ́rìn-ín, ó ní òun gan-an ti kọ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó wá bá òun wo tòun náà. Ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n jókòó sẹ́yìn pápá tí wọ́n ń tú ojú òpó ara wọn wò.