Rọ́kẹ́ẹ̀tì Àfiṣeré: Omi Ni Kí Ẹ Lò, Kì í Ṣe Ẹ̀tù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Lekki àti Ajah, a rọ̀ yín: bí ọmọ yín bá ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì nílé, kó má po ẹ̀tù. Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tó po tiwọn fara pa. Ìdí nìyí tí G. Harry Stine fi bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù ààbò ní 1957.

Ẹ lẹ ìyẹ́ páálí mẹ́ta mọ́ ike mínírà, kí àlàfo wọn dọ́gba. Ẹ má fi sáńpépà ha ike náà, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ́. Ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó. Ẹ bu omi dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Atẹ́gùn á ti omi sísàlẹ̀, ike á fò sókè.

Ẹ ṣe é lórí yanrìn gbalasa, kó jìnnà sí wáyà iná. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ lé e. Ojú tó bá fọ́, owó àjẹṣẹ́kù kò lè rà á padà.