Àwòrán Ara Láísẹ́ǹsì: Ó Yẹ Kí Ojú Awakọ̀ àti Ojú Inú Ìwé Bára Mu

Bí àwọn baba ńlá ṣe bá Òkè Ìdànrè náà ni àwọn ọmọ wọn ń bá a títí dòní. Ojú ọmọ ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí irun rẹ̀ dúdú lánàá ti di onírùngbọ̀n funfun lónìí. Ẹni tí ó sanra ti rù, ẹni tí irun kún orí rẹ̀ ti pá lórí. Àwọn àgbà ló sọ pé ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí awakọ̀ máa yẹ àwòrán ara ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ wò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní láísẹ́ǹsì, pàápàá nísinsìnyí tí ìwé náà ti wọ inú fóònù.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ló ń ṣe ìwé yìí. Láti 2011 tí wọ́n ti gbé irú rẹ̀ tuntun jáde, iwájú kámẹ́rà àjọ náà ni awakọ̀ ti ń jókòó ya àwòrán, tí wọ́n sì ń gba ìtẹ̀ka rẹ̀ pẹ̀lú. Ọdún 3 tàbí ọdún 5 ni ìwé náà máa ń lò, bí owó tí ènìyàn bá san bá ṣe mọ. Ní 2023, àjọ náà pàṣẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì orí fóònù lọ́wọ́ awakọ̀.

Àṣìṣe tí àwọn kan ń ṣe ni pé wọ́n rò pé bí ènìyàn ṣe ń pààrọ̀ àwòrán rẹ̀ lórí Facebook náà ni yóò ṣe pààrọ̀ ti láísẹ́ǹsì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwòrán tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba ni fóònù ń gbé jáde. Bí ti ibẹ̀ bá ti gbó, ti orí fóònù náà ti gbó nìyẹn. Nínú ìlànà àgbáyé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021 fún irú ìwé yìí, ISO 18013-5, ìjọba tí ó fún ni ní ìwé ló ń fi èdìdì kọ̀ǹpútà dì í. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan àwòrán inú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ó ń yẹ ìwé wò yóò mọ̀. Ìlànà náà tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán.

Kí a fi awakọ̀ kan tí ó ń kó kòkó láti Ìdànrè lọ sí Àkúrẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀. Láti ìgbà náà, àìsàn ti sọ ọ́ di ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà, òṣìṣẹ́ lè rò pé ìwé àbúrò rẹ̀ ló mú dání. Kí ó tó ṣàlàyé tán, ọjọ́ ti lọ, ẹni tí ó fẹ́ ra kòkó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá mú ìwé kan náà lọ sí báǹkì láti fi gba owó, ìbéèrè ọ̀hún ni yóò tún pàdé. Èyí tí ó burú jù ni ti ìjàm̀bá ọkọ̀: nígbà tí ẹni tí ó farapa kò bá lè sọ̀rọ̀, àwòrán yẹn ni àwọn tí ó gbé e dé ilé ìwòsàn yóò fi mọ ẹni tí í ṣe àti ẹbí tí wọn yóò ránṣẹ́ sí. Àwòrán tí kò jọ ẹni mọ́ tún lè jọ ẹlòmíràn tí yóò fi ìwé náà ṣe jìbìtì.

Àwọn ìlú mìíràn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 10 ni àwòrán ara láísẹ́ǹsì máa ń lò. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lè san owó ìtanràn tí ó tó ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ún. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Louisiana ti ní láísẹ́ǹsì orí fóònù láti 2018.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí awakọ̀ má ṣe dúró di ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ yóò kú. Nígbà tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀tun, kí ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé òun fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán tuntun, kí ó ṣí fìlà àti awò dúdú kúrò, kí ó sì wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa kí ó tó dìde. Kí ó rí i pé orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá ti NIN mu. Bí iṣẹ́ abẹ, iná tàbí àìsàn bá yí ojú ẹni padà láàárín ọdún, kí onítọ̀hún lọ ṣàlàyé ní ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè lójú ọ̀nà. Kí ó sì sá fún àwọn agbódegbà tí wọ́n ń sọ pé àwọn yóò bá a ṣe é láìjẹ́ pé ó fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. A lè rán ọmọ lọ sí ọjà, a lè rán an lọ sí oko, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a lè rán lọ jókòó ya àwòrán ojú ẹni.