Ṣé O Mọ̀? Ẹja Kékeré Tí Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Dé Ilé-Ẹjọ́

Ṣé o mọ̀ pé ẹja kan wà tó jẹ́ pé inú ihò omi kan ṣoṣo ni ilé rẹ̀ ní gbogbo ayé? Devils Hole pupfish ni wọ́n ń pè é. Kò gùn tó ìka ọwọ́. Aṣálẹ̀ Nevada ní Amẹ́ríkà ni ihò náà wà, omi rẹ̀ sì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ̀sán-tòru.

Ihò náà jìn gan-an, àmọ́ orí pẹpẹ òkúta kékeré kan tí omi kàn bò fẹ́ẹ́rẹ́ ni ẹja yìí ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ló ń yé ẹyin sí. Nígbà tí àwọn olóko ìtòsí fi ẹ̀rọ fa omi abẹ́ ilẹ̀, omi ihò ń fà, pẹpẹ náà sì fẹ́ gbẹ. Ní 1976, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹja náà láre: kí wọ́n dín omi fífà kù.

Ní 2013, 35 péré ni wọ́n rí kà. Wọ́n pọ̀ sí i di 263 ní 2022, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà ilẹ̀ mì tìtì, ó gbọn oúnjẹ àti ẹyin wọn kúrò lórí pẹpẹ. Nígbà tó fi di 2025, ó ku 38. Ó ṣì wà lára àwọn ẹja tó sún mọ́ àkúrun jù lọ láyé.