Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Ọmọ Bíbí Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹ̀dá

Ṣé o mọ̀ pé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó so lónìí kò ní so mọ́ láéláé? Àgbẹ̀ á gé èso rẹ̀, á bẹ́ ìyá lulẹ̀, kí ọmọ tó yọ nídìí rẹ̀ lè rí oòrùn. Agbára ẹ̀dá níwọ̀n: èyí tó bá fi bímọ, kò tún lè fi gbé ara rẹ̀ ró. Bí kálukú ṣe ń ná tirẹ̀ ló yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé octopus kan, ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, sàba fún oṣù 53? Ní oṣù Karùn-ún 2007, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Bruce Robison àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i nísàlẹ̀ òkun ní Monterey, ní California, níbi tí omi ti jìn tó nǹkan bí 1,400 mítà, tó lẹ̀ mọ́ àpáta lórí ẹyin rẹ̀. Ìgbà 18 ni wọ́n lọ wò ó, ojú kan náà ni wọ́n ń bá a. Wọn ò rí i kó jẹun rí. Wọ́n na akàn sí i, kò tilẹ̀ wò ó. Ara rẹ̀ ń rù, awọ rẹ̀ ń ṣá, ẹyin ń dàgbà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2011, èèpo ẹyin nìkan ni wọ́n bá. Òtútù ibẹ̀ ló ń fa ẹyin sẹ́yìn, àmọ́ bí ọmọ náà bá jáde, ó ti gbó tó láti wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Orí mi máa ń wú nígbàkígbà tí mo bá rántí ìyá yìí.

Òdòdó orchid ńkọ́, tó yan ọ̀nà mìíràn? Hóró rẹ̀ kéré bí eruku, kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Èso kan lè kó mílíọ̀nù kan irú rẹ̀ sínú: ọ̀pọ̀ ló fi rọ́pò ìtọ́jú.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀tá lè pinnu ìgbà tí ẹja máa bímọ? Nínú odò Trinidad, níbi tí ẹja ńlá ti ń jẹ àgbà inú ẹja kékeré tó ń jẹ́ guppy, kíá ni guppy ń bímọ, wẹ́wẹ́ rẹpẹtẹ, torí èyí tó bá ní òun ń dúró dọ̀la lè má rí ọ̀la. Ní 1976, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kó díẹ̀ nínú wọn lọ sínú omi tí irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ kò sí. Lẹ́yìn ọdún 11, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ David Reznick àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àrọ́mọdọ́mọ wọn ń pẹ́ kí wọ́n tó bí, ọmọ wọn dínkù, ó sì tóbi sí i. Wọ́n tọ́ wọn nínú ilé ìwádìí, ìwà náà ò yí padà. Ó ti wọ ẹ̀jẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé díẹ̀ ni ẹ̀dá tí abo wọn ń ṣíwọ́ ọmọ bíbí tí wọ́n tún ń pẹ́ láyé? Orca, ẹran ńlá inú òkun, ń ṣíwọ́ ní nǹkan bí ogójì ọdún, ó sì lè gbé kọjá ọgọ́rin. Bí ẹja salmon bá wọ́n, àwọn ìyá àgbà yìí ló ń ṣáájú agbo lọ síbi tó wà. Obìnrin ọmọ ènìyàn pẹ̀lú wà lára irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìyá parí lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró kò mọ ohun tó ń sọ. Láàárín ẹ̀yà Hadza ní Tanzania, onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn Kristen Hawkes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn ìyá àgbà tó ń fi igi wa iṣu igbó nínú ilẹ̀ líle. Nígbà tí ìyá bá ń tọ́ ọmọ tuntun lọ́wọ́, iṣẹ́ ìyá àgbà ni sísanra ọmọ tó ti já lẹ́nu ọmú gbára lé.